Ojú Ọ̀nà Tí Àwọn Ewúrẹ́ Ń Wò

"Kì í ṣe ewúrẹ́ ló tú wáyà yìí, Àǹtí." Káfíńtà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Tún-un-wọ̀n kúnlẹ̀ sídìí òpó ọgbà. "Ewúrẹ́ á fara tì í títí á fi já ni. Èyí, ọwọ́ èèyàn ló rọra tú u."

Òtútù mú aránṣọ tó ni ọgbà náà lẹ́yìn ọrùn. Láti ìgbà tí ìjàǹbá ọkọ̀ ti pa ọkọ rẹ̀, ibi kan ṣoṣo yìí ni àwọn ewúrẹ́ wàrà kúkúrú mẹ́ta tí ọkùnrin náà fi sílẹ̀ ń gbà jáde nírọ̀lẹ́. Wọn kì í jẹ ewé ẹnikẹ́ni. Wọ́n á lọ dúró ní ibùdókọ̀ tí ẹni tó ni wọ́n ti máa ń sọ̀ kalẹ̀ tó bá tibi iṣẹ́ dé, wọ́n á kọjú sọ́nà. Aládùúgbò rẹ̀ kan ní ká ní wọ́n jẹ ewébẹ̀ òun ni, òun ì bá bú wọn, ọ̀rọ̀ ì bá sì tán. Ìdúró yẹn gan-an ló ń ba òun lẹ́rù.

Ẹ̀rù ń ba aránṣọ náà. Lọ́jọ́ kan tó ń fún wàrà lọ́wọ́, ìyá ewúrẹ́ ṣàdédé gbórí sókè, ó ké bó ṣe máa ń ké sí baálé ilé. Obìnrin náà bojú wẹ̀yìn. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Káfíńtà so wáyà náà pọ̀ ná, ó ní òun á lọ gbé pákó wá kí òun fi kan ibẹ̀ pa. Bó ṣe lọ, aránṣọ dúró sójú fèrèsé ilé ìdáná, ó ń ṣọ́ ọgbà. Kò pẹ́ tí ìyá ọkọ rẹ̀, tó ń bá wọn gbé, fi ọ̀pá rìn dé ibẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó sì ń tú wáyà.

Ó jáde lọ bá a. "Màmá, ẹ̀yin ni?"

Ìyá kò wẹ̀yìn. "Ojú mi ò ríran jìnnà mọ́, ìyàwó mi. Tí ọmọ mi bá ń bọ̀, àwọn ewúrẹ́ yìí ló máa kọ́kọ́ mọ̀."

"Ṣebí ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tá a sin ín."

"Ẹsẹ̀ mi nìkan lo rí níbẹ̀, kì í ṣe ọkàn mi."

Aránṣọ di ìyá lọ́wọ́ mú, àwọn méjèèjì tẹ̀ lé àwọn ewúrẹ́ lọ sí ibùdókọ̀.

Bọ́ọ̀sì dé. Ewúrẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbórí sókè lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n na etí. Aránṣọ rí i pé òun náà ti ń wo ẹnu ọ̀nà ọkọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bọ́ọ́lẹ̀, ọkùnrin kan tó gbé táyà tẹ̀ lé wọn, ilẹ̀kùn sì padé.

"Kò sí níbẹ̀," ni ìyá wí, bí ẹni tó ń béèrè.

"Kò sí níbẹ̀, Màmá."

Nígbà tí wọ́n da àwọn ewúrẹ́ padà délé, Tún-un-wọ̀n ti to pákó kalẹ̀, ìṣó wà lẹ́nu rẹ̀. Aránṣọ wo ìyá tó ń mí hẹlẹ. Ó ní kí káfíńtà má kan ibẹ̀ pa mọ́, ilẹ̀kùn ni kó ṣe síbẹ̀, kó fẹ̀ tó èèyàn méjì.

Káfíńtà yọ ìṣó lẹ́nu. "Inú ni kí n fi ìkọ́ rẹ̀ sí, àbí ìta?"

"Inú."

Ó ti ń wọn pákó kí aránṣọ tó tún sọ̀rọ̀.

"Ṣùgbọ́n kó ṣeé ṣí látìta náà."