Ẹyin Orí Ẹsẹ̀ Ọba

Ẹni tó bá wà nítòsí ilẹ̀kùn, kó bá wa tì í, kí afẹ́fẹ́ má bàa jẹ iná wa tán. Ẹ fa àga yín sún mọ́ ààrò. Ìtàn obìnrin kan tó gbẹ̀san ẹyin kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ fún yín, kí tíì inú kẹ́tùrù yìí sì tó tán, ìtàn náà á ti parí.

Una Pettigrew lorúkọ obìnrin náà. Opó ni, ó ń sin àgùntàn ní etíkun àríwá. Ìrìn wákàtí mẹ́ta lórí ẹṣin ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti ilé tó kàn án, ilé tó kàn án yẹn ni ti Murdo Bragg. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìlú kan ṣoṣo la ní ní erékùṣù yìí. Gbogbo ibi tó kù, oko ni. Ará oko làwọn méjèèjì.

Nínú gbogbo pẹ́ńgúìnì etíkun wa, èyí tí à ń pè ní ọba ló dára jù, tí àwọ̀ wúrà yí i lọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn baba ńlá wa pa wọ́n tán pátápátá. Wọ́n ń sè wọ́n nínú ìkòkò irin nítorí òróró, nígbà tí kò sì sí igi ìdáná lórí ilẹ̀ yìí, òkú ọba ni wọ́n ń kó sábẹ́ ìkòkò láti fi se ọba. Ojú kì í ti ọmọ ènìyàn. Láti ìgbà náà, a kò rí ọba kankan mọ́. Ṣùgbọ́n Tam, ọkọ Una, a máa sọ pé wọ́n ń bọ̀. Àràárọ̀ ló ń gun òkè iyanrìn lọ wo òkun. Ó kú nínú òtútù oṣù kẹjọ, kò rí ẹyọ kan.

Lóṣù kọkànlá ọdún yẹn gan-an ni ọba méjì gòkè látinú omi, tí wọ́n dúró láàárín àwọn pẹ́ńgúìnì kéékèèké bí àlejò tó ṣì ilé wọ̀. Nígbà tí oṣù kejìlá dé, Una rí i pé ọ̀kan nínú wọn kò rìn mọ́. Ó ti ní ẹyin.

Àwọn ẹyẹ yòókù a máa kọ́ ìtẹ́. Ọba yìí kò ní ìtẹ́ kankan; ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ìtẹ́ rẹ̀. Ẹyin kan péré ni, á gbé e sórí ẹsẹ̀ méjèèjì, á fa awọ ikùn bò ó bí abiyamọ tó fa aṣọ bo ọmọ. Ọjọ́ mẹ́rìnléláàádọ́ta ni wọ́n fi ń ṣe é. Bí ọ̀kan bá dúró ti ẹyin, èkejì á lọ sókun fún ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta, ẹni tó dúró kò sì ní fi nǹkan kan ẹnu. Bí ará òkun bá dé, á gbé ẹnu sókè, á ké. Ohùn yẹn ni èkejì fi ń dá a mọ̀ láàárín ọ̀pọ̀. Wọ́n á wá kojú síra, wọ́n á rọra yí ẹyin láti orí ẹsẹ̀ bọ́ sórí ẹsẹ̀.

Ojoojúmọ́ ni Una ń lọ wò wọ́n, tó ń bá òkú sọ̀rọ̀. "Ọjọ́ kọkàndínlógún rèé, Tam. Ọjọ́ ogún rèé."

Ṣé ẹ mọ̀ pé lóṣù kọkànlá, gbogbo wa la máa ń gbé garawa lọ síbi ẹyin pẹ́ńgúìnì kéékèèké. Wọ́n á tún yé òmíì, ẹnikẹ́ni kì í bá ẹnikẹ́ni wí. Ṣùgbọ́n Una ti ránṣẹ́ kiri oko pé ẹyin ọba, èèwọ̀ ni. Gbogbo wọn ló gbà, àfi Murdo. Murdo ní àpótí onídígí kan nílé tó kó ẹyin sí. Á lu ihò sí i, á fẹ́ omi inú rẹ̀ dànù, á tò ó sórí òwú. Gbogbo ẹyẹ ilẹ̀ yìí ló wà níbẹ̀, àyè kan ló ṣófo láàárín.

Níbi tí wọ́n ti ń rẹ́ irun àgùntàn, ó ní, "Gbogbo ẹyẹ ló ti wá kí mi nílé. Ọba nìkan ló kù."

Wọ́n dá a lóhùn pé, "Murdo, ọba kì í lọ kí aráàlú."

"Tí kò bá wá, mà á lọ gbé e."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnu tí ìgbín fi bú òrìṣà ló fi ń wọ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ kejìlélógún, Una dé etíkun, ó bá ẹyẹ náà lórí ìdúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣófo. Á tẹrí ba wo abẹ́ ikùn, á gbórí sókè, á tún tẹrí ba. Nígbà tó yá, ó fi ẹnu yí òkúta kan sórí ẹsẹ̀, ó fa awọ ikùn bò ó. Ipa bàtà ńlá wà nínú iyanrìn, ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ẹyẹ. Una kò sunkún. Ó padà sílé, ó jókòó, ó ń ronú ta ni.

Kò pẹ́ tó fi mọ̀. Láyé ìgbà yẹn, aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wákàtí dókítà. Dókítà á jókòó ti rédíò nílùú, aláìsàn oko á máa pè é lọ́kọ̀ọ̀kan. Rédíò tiwa kì í ṣe asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó ń sọ, ó ń gbèsì, gbogbo oko ló sì ń gbọ́. Òfin kan ṣoṣo ló wà: etí lè gbọ́, ẹnu kò gbọdọ̀ sọ. Bí o bá gbọ́ pé jẹ̀díjẹ̀dí ń yọ àna rẹ lẹ́nu, tí o bá pàdé rẹ̀, ọ̀rọ̀ òjò lẹ máa sọ.

Lọ́jọ́ kejì, ohùn Murdo ló kọ́kọ́ jáde.

"Dókítà, ẹ káàárọ̀. Ẹṣin ló ta mí nípàá."

"Pẹ̀lẹ́. Níbo?"

"Ọrùn ọwọ́. Ó ti wú bí búrẹ́dì."

"Ṣé àmì pátákò hàn níbẹ̀?"

"Rárá, sà. Ó rí gbọọrọ, bí ìgbà tí wọ́n fi pákó gbá èèyàn."

"Ibòmíì ńkọ́?"

"Itan. Apá inú."

"Apá inú, níbo?"

"Apá òkè, Dókítà. Ihò ni. Ó jìn."

"Ihò kẹ̀? Murdo, ẹṣin wo ló ní ẹnu ṣóńṣó?"

"Ẹṣin burúkú ni, sà."

Bí Murdo ti kúrò, Una tẹ bọ́tìnnì tirẹ̀. "Dókítà, Una rèé. Ẹnì kan ń ṣàìsàn lọ́dọ̀ mi. Ọjọ́ mọ́kànlá rèé tí kò jẹun. Ojú kan ló dúró sí, tó ń wo abẹ́ ara rẹ̀, tó ń wá ọmọ."

"Ọmọ rẹ̀ sọ nù ni?"

"Wọ́n jí i ni. Ó gbìyànjú o, Dókítà. Ó fi apá pẹlẹbẹ gbá olè náà lọ́rùn ọwọ́, ó fi ẹnu ṣóńṣó gún un nítan. Apá inú. Apá òkè."

Ẹnì kan tẹ bọ́tìnnì láìmọ̀, ẹ̀rín bú jáde. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Láti ọjọ́ náà, Murdo di Ẹlẹ́ṣin. Ibi tó bá dé, wọ́n á ní, "Ẹlẹ́ṣin, itan ńkọ́?"

Àwọn èèyàn rò pé ó tó. Kò tó Una. Ó ti kọ́ igbe ọba. Ìgbàkígbà tí Murdo bá pe dókítà, ì báà ṣe eyín, ì báà ṣe ikọ́, Una á tẹ bọ́tìnnì, á ké igbe ẹyẹ náà sí i létí. Dókítà á bínú: "Ta nìyẹn?" Kò sẹ́ni tó máa dáhùn, àbí òfin kọ́ ló ní kí ẹnu má sọ? Ará oko kan tó ń jẹ́ Elspet bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan: "Àwọn ọba ti bí òmíì, fi ọkùnrin yẹn sílẹ̀." Una ní, "Ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Èyí tó jí yẹn ni ti Tam." Murdo wá jáwọ́ nínú pípe dókítà.

Ní ìgbà òtútù kẹta, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Murdo, lápá ọ̀tún. Fún ọjọ́ méjì, kò pe dókítà. Lọ́jọ́ kẹta, ó gun ẹṣin, ó ká kò lórí rẹ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà Una ní aago mẹ́sàn-án.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Una. Mo fẹ́ pe dókítà. Ẹ má ké lónìí."

"Ó ti wá di 'ẹ'? Èmi tí ò ń pè ní opó olófòófó?"

"Inú ló ń pa mí. Mo gbé e wá." Ó ṣí òwú ọwọ́ rẹ̀. Ẹyin ọba ni, funfun, ó ṣófo.

Una wo aago. "Wákàtí kan ló kù. Lọ sétíkun. Dúró síbi àwọn ọba, gbé e sórí ẹsẹ̀ rẹ. Bí kò bá já bọ́ títí di mẹ́wàá, mi ò ní ké mọ́ láyé."

Murdo lọ. Yìnyín ń já bọ́. Ọmọ ọba kan wà níbẹ̀ nínú irun àwọ̀ ilẹ̀, tó ti ń retí oúnjẹ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó wo Murdo, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Èèpo tó ṣófo fúyẹ́ bí ìyẹ́, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́, Murdo wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì ká a. Una fa àga sí ojú fèrèsé tó kọjú sí etíkun, ó ń mu tíì. Inú rẹ̀ dùn, kí n má purọ́ fún yín. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Murdo pariwo lẹ́ẹ̀kan, ó kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi kóòtù rẹ̀ bo ẹyin náà. Una rí i. Kò dìde. Ìgbà tí aago lu mẹ́wàá ló jáde.

Ẹyin náà kò fọ́. Una mú un láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀, ó fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ rún.

"Adìyẹ dà mí lóògùn nù," ó ní, "èmi náà fọ́ ọ lẹ́yin. Dìde."

Murdo kò lè dìde. Una wọ́ ọ wọlé, ó tẹ bọ́tìnnì. "Dókítà, Una ni. Murdo Bragg wà nílé mi, ikùn rẹ̀ ti le bí pákó. Ẹ rán bàálù tó ń bà lómi wá. Ẹ yára."

Murdo kò kú, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rin ló lò lórí bẹ́ẹ̀dì, kò sì lè gbé àgùntàn mọ́. Dókítà sọ ọ́ lórí rédíò, gbogbo oko gbọ́, pé ìfun kan tó wú nínú ikùn rẹ̀ ti bẹ́ kí bàálù tó dé, pé ká ní wọ́n tètè pe òun ni, kì bá tí le tó bẹ́ẹ̀. Una kò bèèrè pé ìgbà wo ló bẹ́. Elspet bi í bóyá ó ti dárí ji Murdo. Ó ní, "Rárá o. Mo ti gba tèmi ni, mo sì gbà á kọjá ààlà."

Elspet yẹn, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Òun ló sọ ọ́ fún mi níbi tí a ti jọ ń gé ẹran àgùntàn, bó ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe sọ ọ́ fún yín.