Iyọ̀ Inú Ẹ̀wà Yèyé

Orí Shagun fò lọ. Ó dúró ti iná, ó ń wo ẹ̀wà ṣáná dúdú tó ti gbẹ dáadáa nínú agbada, tí kúmínì, atalẹ̀ àti ìyẹ̀fun máńgòrò gbígbẹ ti lẹ̀ mọ́ lára, ó sì ń bi ara rẹ̀ léèrè pé, "Mo ti fi iyọ̀ sí i ni àbí mi ò tíì fi sí i?"

Nitin ọkọ rẹ̀ ló fà á. Ibi tí ìkòkò ẹ̀wà ti ń súfèé lọ́wọ́ lórí iná ló ti wọlé tòun ti táwẹ̀lì lórí, tó ń sín ìrìn ìyá rẹ̀ jẹ, ìdí sí ọ̀tún, ìdí sí òsì, tó ń pariwo pé, "Ta ló ṣí fìríìjì mi sílẹ̀?" Shagun rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀rín fi máa tán, kò sẹ́ni tó lè jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ iyọ̀ mọ́.

Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, á kàn bù ú tọ́ wò ni. Àmọ́ ọjọ́ kẹjọ ọdún Yèyé, òòṣà obìnrin wọn, nìyí, oúnjẹ òòṣà sì ni ẹ̀wà yìí. Ẹni tó bá fi kan ẹnu ṣáájú Yèyé ti bà á jẹ́ nìyẹn. Ìyá ọkọ rẹ̀, tó ti ń se ẹ̀wà yìí láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, ló gbé ṣíbí lé e lọ́wọ́ lánàá.

"Ìyàwó, hálúwà oníṣúgà nìkan ni màá rò lọ́dún yìí. Ẹ̀wà di tìẹ. Tó bá dùn, ilé ìdáná yìí di tàwa méjèèjì. Tí ò bá dùn, wàá máa gé àlùbọ́sà fún mi títí irun ẹ á fi funfun."

Ó fi ẹ̀rín sọ ọ́, ṣùgbọ́n Shagun mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Ilé ìdáná yẹn sì wù ú dé egungun.

Bó ṣe yọjú lójú fèrèsé báyìí, ta ló rí? Pihu, ọmọdébìnrin ọlọ́dún mẹ́rin ará ìsọdá, nínú aṣọ pupa, tó ń fò kiri lẹ́nu géètì. Lónìí, àwọn ọmọdébìnrin ni Yèyé fúnra rẹ̀. Ilé dé ilé ni wọ́n ti ń fọ ẹsẹ̀ wọn, tí wọ́n sì ń bọ́ wọn yó. Inú Shagun dùn ṣìnkìn. Tí Yèyé bá fúnra rẹ̀ tọ́ ọ wò, èèwọ̀ wo ló kù?

"Pihu! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀."

Pihu bojú wẹ̀yìn. "Ta lẹ̀ ń pè ní 'ẹ'?"

"Ẹ̀yin ni, Yèyé mi."

"Ó dáa, ẹ wá gbé mi."

Shagun gbé e jókòó sórí pèpéle ìdáná. Pihu jẹ ẹyọ kan, ó dijú. Ó jẹ òmíràn. Ó wá bu ẹ̀kúnwọ́.

"Ṣé iyọ̀ wà níbẹ̀, Yèyé?"

"Yèyé ń jẹun," ni Pihu dáhùn.

Ibẹ̀ ni ìyá Nitin bá wọn, omi ìwẹ̀ ṣì ń kán nírun rẹ̀. "Kí lẹ̀ ń ṣe níbí?"

"Màmá, ẹ̀wà yìí ò níyọ̀ o!" Ẹnu Pihu kún dẹ́múdẹ́mú.

Ìyá yanu láti pariwo, ṣùgbọ́n ta ní máa jágbe mọ́ Yèyé lónìí? Ó pa ẹnu dé, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ náà láti júbà.

"Yèyé ti sọ̀rọ̀. Ìyàwó, gbé iyọ̀ wá."

Wọ́n ń wọ́n iyọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, Pihu ń tọ́ ọ wò, títí ó fi pariwo pé, "Ó tó!"

Ìyá wá wo ẹnu ọ̀nà lọ́tùn-ún lósì, ó rọra ti ilẹ̀kùn. Ó ṣí ìkòkò hálúwà rẹ̀, ó fi ìka bù díẹ̀ nínú sẹmó dídín náà, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Yèyé mi, ẹ dákun, ṣúgà tèmi yìí ńkọ́? Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ, mi ò mọ̀ rí bóyá ó tó kí wọ́n tó jẹ ẹ́."

Shagun wò ó, òun náà wo Shagun. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n dì mọ́ra wọn kí wọ́n má bàa ṣubú.

Pihu lá ìka ìyá mọ́ tónítóní. "Ẹ bù ú sí i," ló wí, "mi ò tíì mọ̀."