Ohun tí Aránṣọ Kà Nínú Ìwé Ọmọ Rẹ̀

Ohun tó kọ́kọ́ mú kí ara fu aránṣọ ni pé ọmọ rẹ̀ fọ abọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nílé, ẹ dákun, ìgbà wo ló fọ abọ́ gbẹ̀yìn láìjẹ́ pé ẹ pariwo dé ojúlé kẹta? Ọmọ yìí fọ abọ́, ó nu tábìlì, ó ṣa gbogbo òwú jíjá tó wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, ó wá ní, "Màámi, ẹ kú iṣẹ́ o." Aránṣọ dá máṣíìnì dúró. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Kí lo fẹ́?"

"Kò sí o. Mo kàn ní kí n sọ fún yín pé mo máa pẹ́ níléèwé ní Ọjọ́bọ̀ ni. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì wa fẹ́ kí a máa jókòó sórí àga."

"Ṣé ilẹ̀ lẹ ń jókòó sí tẹ́lẹ̀ ni?"

Kékeré bú sẹ́rìn-ín. Kékeré ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti fi orí ga ju ìyá rẹ̀ lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó ní ìwé ìtàn àtijọ́ kan ni wọ́n fi ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì àwọn, pé ẹnì kan á jókòó sórí àga níwájú, á di ọ̀kan nínú àwọn èèyàn inú ìwé náà, àwọn tó kù á máa bi í ní ìbéèrè, pé iṣẹ́ kan sì tún wà tí àwọn ń kọ nílé... Ṣùgbọ́n ìyá ti tún tẹ ẹsẹ̀ mọ́ máṣíìnì. Ṣòkòtò ọkùnrin báǹkì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó yẹ kó ti jáde láti àná. Ó gbọ́ "ìwé," ó gbọ́ "olùkọ́," ó gbọ́ "Ọjọ́bọ̀." Máṣíìnì jẹ ìyókù.

Ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n aránṣọ yìí ń lo oògùn náà ju bó ṣe yẹ lọ. Oníbàárà tó bá kí i jù, ó ti ní kò fẹ́ sanwó ni. Aládùúgbò tó bá bi í pé ṣé àlàáfíà ni, ó ní kí ló gbọ́. Ká má purọ́, ó ní ìdí. Kì í ṣe òun ló bí Kékeré. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló bí i, oṣù méjì lẹ́yìn náà àbúrò yẹn sì kú, bẹ́ẹ̀ bàbá ọmọ ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Aránṣọ kó ẹrù, ó gbé ọmọ, ó ṣí wá sí ìlú tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n, ó sì sọ fún ayé pé òun lòun bí ọmọ òun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin nìkan ló mọ̀. Ẹ̀rù ọjọ́ kan ṣoṣo ló ń bà á, ọjọ́ tí ọmọ yẹn á wò ó lójú, tí á ní, "Ẹ̀yin kọ́ lẹ bí mi." Ó ní tí òun bá gbọ́ ọ, òun ti kú nìyẹn.

Nítorí náà, ọmọ wọ balùwẹ̀, ìyá wọ báàgì.

Ìwé ìtàn náà ló kọ́kọ́ bá, ìwé ńlá tí ojú ewé rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí wọ́n fi sẹlotéèpù lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀, tí Kékeré sì ti fi pẹ́ńsù yí àwọn ọ̀rọ̀ tó le ká. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìwé kékeré kan wà tí wọ́n fi bébà bò lára, tí kò ní orúkọ, tí kò ní kíláàsì. Ó ṣí i. Ọjọ́ ọ̀sẹ̀ ló wà lókè ewé kọ̀ọ̀kan, ọmọ rẹ̀ ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Ìwé mẹ́fà ni aránṣọ kà kó tó lọ kọ́ṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò lọ títí, ṣùgbọ́n ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wọn ẹsẹ̀ ṣòkòtò. Ó rí ìyá. Ó rí kì í ṣe. Ó rí máṣíìnì.

Ó fẹ́ kó dá òun lójú. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Kékeré ń lọ aṣọ iléèwé rẹ̀, ó fi pẹ́ńsù da ewé kan kọ sórí bébà tó fi ń gé bátánì, ó sì gbé e lọ bá atẹ̀wé tó wà ní ìkóríta. Ó ní kó bá òun ka ohun tó wà níbẹ̀. Àwọn méjì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń dúró de fọ́tókọ́pì. Atẹ̀wé náà ò ro ibi kankan, ó sì gbóhùn sókè, ó ń túmọ̀ rẹ̀:

"'Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Òní ni mo mọ òtítọ́. Obìnrin tí mò ń pè ní ìyá kọ́ ló bí mi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Ó jókòó sídìí máṣíìnì rẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Mi ò ní jẹ́ kó mọ̀ pé mo ti mọ̀. Mo máa máa ṣe dáadáa sí i títí màá fi rí ọ̀nà lọ.'" Ó gbójú sókè. "Màmá, ta ló kọ èyí?"

"Oníbàárà mi kan ni."

"Oníbàárà yín náà ń ránṣọ?"

"Ṣé èèyàn méjì ò lè máa ránṣọ láyé ni?" Ó já bébà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Àwọn méjì tó ń dúró wo ara wọn.

Ó máa ṣe dáadáa sí i! Abọ́ fífọ̀ nìyẹn. "Ẹ kú iṣẹ́ o" nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni ohun gbogbo ti di ẹ̀rí. Tí Kékeré bá dákẹ́, ó ń gbèrò àtilọ. Tó bá ń kọrin, inú rẹ̀ ń dùn pé òun máa lọ. Tó bá ní "Màámi," aránṣọ á máa gbọ́ ọ bóyá ohùn rẹ̀ gùn bí ti tẹ́lẹ̀. Ó ní kí ọmọ náà wá jẹun, ọmọ ní òun ti yó, aránṣọ bá yíjú sí ògiri, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣebí ó kàn yó ni! Ẹ gbà mí, ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí tí mo bá ń sọ ọ́, torí ìbéèrè kan péré ni ì bá bi ọmọ náà, gbogbo rẹ̀ ì bá parí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bo nǹkan mọ́lẹ̀ kì í lè béèrè.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ kò lójú. Káfíńtà ni, ó ń fá pákó lọ́wọ́ nígbà tí aránṣọ já wọ ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ojú mi. Ẹ sọ ọ́ fún un àbí ẹ ò sọ ọ́?"

"Kí ni mo sọ fún ta ni?"

"Pé èmi kọ́ ni mo bí Kékeré!"

Ọmọṣẹ́ tó ń kan ìṣó lẹ́yìn dáwọ́ dúró. Káfíńtà gbọn èérún pákó kúrò lára. "Ọdún mẹ́rìnlá ni mi ò fi sọ ọ́ fún ìyàwó mi gan-an. Ìwọ lo wá ń sọ ọ́ níbí yìí. Máa rọra o, ògiri létí." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n tó o bá bi mí, sọ fún un fúnra rẹ. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a."

"Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀! Ẹ̀yin ni!"

"Mo ní èmi kọ́. Ta lọmọ náà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù nílé?"

Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í rántí ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ náà. Olùkọ́ wa ní. Olùkọ́ wa sọ pé. Olùkọ́ wa fẹ́ kí a jókòó. Ọwọ́ olùkọ́ ni fáìlì àwọn ọmọ wà. Ta ló mọ ìwé tó wà nínú fáìlì yẹn? Kí ló dé tó fi jẹ́ pé lẹ́yìn ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn bá ti lọ sílé ló ń dá àwọn ọmọ olọ́mọ dúró? Ó ní, "Háà. Mo ti mọ̀ ọ́n." Kò mọ nǹkan kan.

Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, ó ti ń hó bí omi tó wà lórí iná. Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó gbé gèlè lé orí láìwo dígí, ó gba iléèwé lọ. Àwọn ọmọ iléèwé ti sọ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà ní "Ẹ Tún Un Kọ," torí ohun tó máa ń kọ sábẹ́ iṣẹ́ wọn nìyẹn. Aránṣọ ti ń retí obìnrin ńlá kan tó ní ojú òfófó. Ọ̀dọ́mọbìnrin tín-ínrín kan tó lo awò ojú ló bá ní yàrá àwọn olùkọ́, tó jókòó sẹ́yìn tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kúrú, bírò pupa lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà. Ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó. Ìbéèrè kan ni mo bá wá. Ta ló sọ fún yín pé èmi kọ́ ni mo bí ọmọ mi?"

Olùkọ́ gbé bírò sílẹ̀. "Mà?"

"Ẹ má pè mí ní 'mà'! Àbúrò mi ló bí i, mo mọ̀! Àbúrò mi kú, mo sì gbé e! Èwo ló kàn yín níbẹ̀? Èmi ni mo gbé e pọ̀n, èmi ni mo wẹ̀ ẹ́, èmi ni mi ò sùn nígbà tó ń hu eyín! Ẹ wá lọ pè é jókòó sórí àga, ẹ lọ sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni mí!" Ó fa bébà bátánì yọ nínú báàgì, ó fi lu tábìlì. "Ẹ kà á!"

Olùkọ́ kà á. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Mi ò sọ nǹkan kan fún un. Ọlọ́run gbọ́." Ó ṣí ìwé ìtàn ńlá náà, irú èyí tí Kékeré ní. "Ọmọ kan wà nínú ìwé yìí, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ. Orí kẹsàn-án tí a kà lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ibẹ̀ ló ti mọ̀. Mo ní kí wọ́n kọ dáyárì ọmọ náà, kí wọ́n kọ ọ́ bí ẹni pé àwọn gan-an ni, torí tí ọmọ bá ní 'èmi,' Gẹ̀ẹ́sì ọ̀hún á di tirẹ̀. Mo ní tí wọn ò bá mọ ohun tí wọ́n máa kọ, kí wọ́n wo ilé wọn. Nínú ìwé, àbẹ́là ni obìnrin yẹn ń ṣe. Kékeré ló sọ ọ́ di aránṣọ." Ó tọ́ka sí òkìtì ìwé kéékèèké tó wà níwájú rẹ̀, gbogbo wọn wọ bébà kan náà. "Ọmọ mẹ́tàdínlógójì ló wà ní kíláàsì mi, mà. Láti ọjọ́ náà, kò sí èyí tí ìyá rẹ̀ bí nínú gbogbo wọn."

Aránṣọ mú ọ̀kan nínú òkìtì náà, ó ṣí i. Ó rí ìyá. Ó rí kì í ṣe. Ó mú òmíràn. Ọ̀kan náà ni. Ó jókòó sórí àga tó kọ̀ láti jókòó sí, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa á, ẹ̀rín tí kò ní ìdí, ó sì ń fi etí gèlè nu ojú. Ó ní, "Àbẹ́là! Ẹ̀yin èèyàn mi, mo mà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹ̀gbọ́n mi nítorí àbẹ́là!" Ọkàn rẹ̀ fúyẹ́. Kékeré ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Kò sí ohun tó bàjẹ́.

Ìgbà náà ló rí i pé olùkọ́ ò bá òun rẹ́rìn-ín. Ẹnu ọ̀nà ló ń wò.

Olùkọ́ ti rán Kékeré lọ kó àwọn ìwé tó kù ní kíláàsì wá. Ó dúró níbẹ̀, ó kó wọn dání, wọ́n ga dé àgbọ̀n rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó débẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti débẹ̀ tipẹ́. Ó rìn wọlé jẹ́jẹ́, ó to àwọn ìwé sórí tábìlì, ó tún èyí tó fẹ́ ṣubú ṣe.

"Kékeré," ni aránṣọ wí.

"Mà."

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, ta ló máa ṣà á? Wọ́n gba ọ̀nà ilé. Kékeré ń rìn níwájú, kò yára, kò sì wẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n dé ìkóríta, atẹ̀wé juwọ́ sí wọn, ó wo ìyá, ó wo ọmọ, ó sì tètè bojú wo kọ̀ǹpútà rẹ̀. Kékeré rí i.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí àpótí àwọn oníbàárà. Kò sunkún. Ì bá sàn kó sunkún.

"Àwọn wo ló mọ̀?"

"Bọ̀dá mi," ni aránṣọ wí. "Láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn." Ó ń fi ìka kà wọ́n. "Ọmọṣẹ́ rẹ̀, láti àná. Olùkọ́ yín. Atẹ̀wé... ó lè ti fura."

"Atẹ̀wé tó ń ta bírò fún mi."

"Èmi ni mo gbé ìwé rẹ lọ bá a. Kékeré, mo rò pé wọ́n ti sọ fún ọ ni. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé o fẹ́ lọ."

"Iṣẹ́ àṣetiléwá ni. Mo sọ fún yín, ẹ ń ránṣọ." Ó ń fi èékánná yọ òwú kan lára síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. "Ẹ lọ bá gbogbo ayé jà pé ta ló sọ fún mi. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Gbogbo wọn mọ̀, èmi nìkan ni mi ò mọ̀."

Aránṣọ dìde láti lọ dì mọ́ ọn, ó tún jókòó. Ó ní, "Bi mí ní ohunkóhun. Ohunkóhun tó o bá fẹ́ mọ̀, màá sọ fún ọ."

Aránṣọ rò pé ọmọ náà á béèrè ìyá tó bí i, bó ṣe rí, ohun tó pa á. Ó ti ń to ọ̀rọ̀ náà jọ lẹ́nu.

"Ọjọ́ ìbí mi ńkọ́?" ni Kékeré wí. "Èyí tí à ń ṣe lọ́dọọdún. Ṣé ọjọ́ yẹn náà ni?"

"Háà, ọjọ́ yẹn náà ni! Mo wà níbẹ̀! Ọwọ́ nọ́ọ̀sì ni mo ti gbà ọ́. Òjò ń rọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni. Mo bura fún ọ!"

Òtítọ́ ni. Nínú gbogbo ohun tó ti sọ fún ọmọ náà láyé, kò sí èyí tó jẹ́ òtítọ́ tó èyí. Ṣùgbọ́n Kékeré ń wo ìyá rẹ̀ lójú, ó ń wo ètè rẹ̀, ó tún padà wo ojú rẹ̀, bí aránṣọ ṣe wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, bó ṣe wo olùkọ́ kó tó jókòó. Aránṣọ mọ irú wíwò yẹn dáadáa.

"Ó dáa, mà," ni ọmọ náà wí. Ó sì dìde, ó lọ fọ abọ́.