Jáàmù Àbúrò Mi

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni àpótí tí ọmọbìnrin Ìyá Agbẹ̀bí fi ránṣẹ́ sí i dé. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń se jáàmù ló wà nínú rẹ̀, ìkòkò funfun kan tó ní wáyà lẹ́yìn, tó sì ní ọwọ́ irin kékeré kan nínú tó ń dá ro nǹkan fúnra rẹ̀.

"Màmá, ẹ ò ní dúró ti iná mọ́," ni ọmọ náà wí lórí fóònù. "Ẹ da èso àti ṣúgà sí i, ẹ tẹ bọ́tìnnì, kí ẹ lọ jókòó."

"Kí n jókòó kí n máa ṣe kí ni?"

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni ìyá òun ń ṣe.

Ìyá Agbẹ̀bí ni gbogbo ará ilé náà ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti tó ọdún mẹ́wàá tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìgbẹ̀bí. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni wọ́n jọ ń se jáàmù gúáfà lọ́dọọdún nínú agbada idẹ ńlá kan tí ìdí rẹ̀ ti dúdú. Bí ọ̀kan bá ń fi asẹ́ yọ kóró, èkejì á máa ro ó lórí iná, bí apá bá sì ti ń ro ẹni yẹn, wọ́n á gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Nígbà tí ọkọ àwọn méjèèjì kú, wọ́n kó pọ̀ sínú yàrá méjì yìí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Ó kọ́kọ́ ń gbàgbé ìkòkò lórí iná. Nígbà tó yá, ó gbàgbé ọ̀nà ilé, wọ́n sì rí i ní ibùdókọ̀ pẹ̀lú aṣọ àwọ̀sùn lọ́rùn. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ló ń gbé báyìí, ọkọ̀ méjì lèèyàn ń wọ̀ kó tó débẹ̀.

Ìyá Agbẹ̀bí fọ gúáfà, ó gé e, ó dà á sínú ẹ̀rọ náà, ó tẹ bọ́tìnnì. Ó wá jókòó lóòótọ́. Ẹ̀rọ ń kùn wúyẹ́wúyẹ́. Ó wo aago, ó wo ojú fèrèsé, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó kàn gbé lé itan. Kò mọ iye ọmọ tí ọwọ́ méjèèjì yìí ti gbà. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ̀rọ náà figbe ta. Ìyá Agbẹ̀bí fò dìde, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀ dé ìdí rẹ̀. Ibi tí ẹkún bá ti ń bọ̀, ara rẹ̀ kì í bi í léèrè kó tó dìde.

Ìgò mẹ́fà ló kún. Jáàmù náà mọ́ gaara, ó rẹwà. Ó fi ṣíbí bù ú tọ́ wò, ó sì yíjú pa dà láti na ṣíbí náà sí ẹnì kan. Àga lásán ló rí.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ìgò kan lọ sí ilé ìtọ́jú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó lẹ́bàá fèrèsé, nọ́ọ̀sì ti bá a di irun rẹ̀ dáadáa.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀gbọ́n gbójú sókè, ó rín ẹ̀rín tí èèyàn ń rín sí àlejò. "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ jókòó. Ta lẹ wá kí?"

"Ẹ" yẹn dun Ìyá Agbẹ̀bí wọ egungun. Obìnrin yìí ló pọ̀n ọ́n dàgbà. "Wá", "lọ", "ìwọ aláròyé yìí" ló ń pè é láti kékeré. Ká ní ó bú u ni, ì bá sàn.

Ó fi jáàmù sórí búrẹ́dì, ó gbé e fún un. Ẹ̀gbọ́n jẹ díẹ̀, ó gbé e sílẹ̀, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ ṣẹ àlejò.

"Ẹ má bínú o. Ó dùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àbúrò mi dé ná, ẹ ó tọ́ tiẹ̀ wò. Agbẹ̀bí ni. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ibi tó bá ti ń sọ̀rọ̀ aláboyún kan ni jáàmù á ti jó mọ́ ìdí agbada. Mo máa ń bá a jà gan-an. Ṣùgbọ́n jíjó yẹn náà ló ń dùn mọ́ mi lẹ́nu."

"Ṣé ẹ sọ fún un rí?"

"Kí n sọ fún un kẹ̀? Kó lè jó gbogbo rẹ̀ di èédú!"

Nígbà tí Ìyá Agbẹ̀bí délé, ó gbé agbada idẹ sọ̀kalẹ̀ látorí kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ fọ̀ ọ́ títí ó fi dán, ó dáná, ó da gúáfà àti ṣúgà sí i. Ó mú orógùn, ó ń ro ó. Apá ń ro ó, kò sẹ́ni tó máa gbà á. Èyí tó tún wá burú jù ni pé jáàmù kọ̀, kò jó. Báwo ló ṣe máa jó nígbà tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kò rí nǹkan mìíràn wò ju agbada lọ?

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó sọ ọ́ sókè ketekete fún ògiri, nípa aláboyún kan tó ń rọbí lórí àtẹ̀gùn, tó lóun kò ní bímọ àfi kí wọ́n bá òun wá yẹtí òun kejì. Ó ń sọ ọ́, ó ń fara ṣàpèjúwe, ó dé ibi tí ọkọ obìnrin náà ti ń wá yẹtí kiri lábẹ́ àtẹ̀gùn, ẹ̀rín gbé e lọ. Ìgbà náà ni òórùn jíjó gba imú rẹ̀.

Ó dúró, orógùn lọ́wọ́. Ó ń retí kẹ́nì kan pariwo pé, "O tún ti jó o!" Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì gbé agbada kúrò lórí iná.

Nígbà tó gbé e pa dà dé ilé ìtọ́jú, ẹ̀gbọ́n bu búrẹ́dì tó fi jáàmù náà sí jẹ lẹ́ẹ̀kan péré, ló bá di apá Ìyá Agbẹ̀bí mú.

"Ó ti dé! Níbo ló wà?" Ojú rẹ̀ fo Ìyá Agbẹ̀bí kọjá, ó ń wo ẹnu ọ̀nà.

Ìyá Agbẹ̀bí ti sọ "èmi rèé" rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Nígbàkigbà tó bá sọ ọ́, ẹ̀rù á ba ẹ̀gbọ́n, á máa bẹ nọ́ọ̀sì kó bá òun lé àjèjì yìí jáde.

"Iṣẹ́ pè é lójijì. Obìnrin kan ń rọbí. Ó ní kí n kí yín."

"Mo mọ̀! Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Inú ẹ̀gbọ́n dùn gan-an. "Ẹ bá mi sọ fún un kó máa jẹun. Tó bá ti ń ṣiṣẹ́, kì í rántí oúnjẹ. Ẹ sọ fún un pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀."

"Mo máa sọ fún un."

"Ẹ ṣeun, mà. Ẹ kú ìyọnu wa."

Ọjọ́ ṣì wà nílẹ̀ nígbà tó délé. Oúnjẹ kò wù ú rárá. Ó gbé ìrẹsì àná ká iná, ó jókòó, ó sì jẹ ẹ́ tán.