Ilẹ̀ Bàbá Wa

"Wọ́n ní ilẹ̀ Bàbá Télọ̀ ti... ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ẹnu mi lẹ ti gbọ́ o. Wọ́n ní ìgbẹ́ ló... Ọmọ wọn gan-an ló sọ ọ́! Ẹ̀yin náà ẹ ṣáà wo bí ọjọ́ orí wọn ti..."

Èmi tí mò ń bá Bàbá ránṣọ ni mo gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. Ohun tí a kọ́kọ́ rí ni pé àwọn oníbàárà ò jókòó mọ́, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń dúró sí. Bàbá fọ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù títí símẹ́ńtì fi ń dán. Wọ́n á pààrọ̀ ṣòkòtò láàárọ̀, wọ́n á tún pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án. Nígbà tó yá, wọ́n gbójú kúrò lára mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé mo ń rùn ni?"

Ojú tì mí, mo ṣáà ń ránṣọ lọ. Oníbàárà kan ló padà sọ ọ̀rọ̀ náà sí mi létí, pé ẹnu ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni wọ́n ti gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí, mo bá pè é lórí fóònù.

Kó tó dé, ìyàwó tuntun kan ti wá gba aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ tí a ò tíì rán tán. Ìyá Onídìrí, aládùúgbò wa, ló tẹ̀lé e wá. Bàbá ń ká aṣọ náà fún un.

Ẹ̀gbọ́n mi wọlé. Ilé àyẹ̀wò ilẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Oko kékeré tí Bàbá ní lẹ́yìn ìlú ló ti ń bọ̀, yẹ̀pẹ̀ ṣì wà léèékánná rẹ̀.

"Ìyá Onídìrí, kí lẹ gbọ́ lẹ́nu mi?"

"Orí àga mi lo jókòó sí tí ò ń bá ọ̀gá rẹ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Etí mi ò di o!"

"Etí yín ò di, Mà. Ẹ̀rọ tí ẹ fi ń mú irun gbẹ ló ń pariwo."

Ìyàwó tuntun bo ẹnu, ẹ̀rín fẹ́ pa á. Bàbá ò rẹ́rìn-ín.

"Kí lo sọ gan-an?"

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀. "Ojú ń tì mí láti sọ ọ́ níwájú yín, Bàbá."

"Gbogbo àdúgbò ti bá ọ sọ ọ́. Sọ ọ́."

Ó gbé ohùn sókè kí àwọn ará ìta lè gbọ́.

"Mo ní, 'Ọ̀gá, ìgbẹ́ ekòló ló kún ilẹ̀ oko bàbá mi. Ewé tí ekòló jẹ ti pò mọ́ yẹ̀pẹ̀ níkùn rẹ̀, ó yà á bí ìgbẹ́, ó sì dì gbagbagba; kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ tó ń mú ilẹ̀ lọ́ràá ò ní tètè bá afẹ́fẹ́ lọ. Nínú gbogbo ilẹ̀ tí a ti yẹ̀ wò, ti bàbá mi ló dáa jù.'"