Ìwé Ọ̀sẹ̀ Mirjam Zeller

Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ ilé ìtajà mọ́tò Stiegler ní Oberhalden lè rò pé ilé ìwòsàn àwọn olówó lòun wọ̀. Ilẹ̀ ń dán, òdòdó wà lórí tábìlì, àwọn ọkùnrin onítáì sì ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó gbé igbá ọrẹ lọ́jọ́ Àìkú. Lára gíláàsì iwájú ni wọ́n lẹ àwòrán ọmọbìnrin kan mọ́. Ó ga ju ènìyàn lọ, ó di sípánà mú, ó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀gá ọ̀la níṣẹ́.

Mirjam Zeller ni ọmọbìnrin náà. Ayàwòrán ló mú sípánà yẹn wá, òun náà ló sì mú un lọ.

Ọdún kejì rẹ̀ lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ rèé. Lọ́jọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ilé ẹ̀kọ́ ló ń lọ, kí orí rẹ̀ lè mọ iṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta tó kù jẹ́ ti Stiegler, kí ọwọ́ rẹ̀ lè mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Orí ń mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ọwọ́ ń fọ mọ́tò. Ó ń gbálẹ̀, ó ń yí táyà ìgbà òtútù, ó sì ń ra búrẹ́dì brezel olóbọ́tà fún àwọn onítáì. Nígbàkígbà tó bá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fọwọ́ kan bíréèkì, Stiegler, ọ̀gá tó ni ilé náà, á ní mọ́tò oníbàárà kì í ṣe ohun ìṣeré, kó dúró lẹ́nu ọ̀nà kó máa wò.

Òfin sì ni pé kí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ máa kọ ohun tó ṣe lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé kan, kí ọ̀gá rẹ̀ kà á, kó sì fọwọ́ sí i. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ kò bá fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ kò ní lè ṣe ìdánwò. Stiegler ti rí ọgbọ́n dá sí ìyẹn. Ó lẹ bébà kan mọ́ ògiri yàrá ìpààrọ̀ aṣọ, ohun tó yẹ kí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kọ́ wà níbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ó ní kí wọ́n máa dà á kọ. Bébà náà ti pọ́n. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ nípa kabúrétọ̀, ohun tí kò sí lára mọ́tò kankan tó wọ ọgbà yẹn láti ọgbọ̀n ọdún.

Mirjam kò lè dà á kọ. Bàbá rẹ̀ àgbà, tó kọ́ ọ ní fèrè ńlá nínú ẹgbẹ́ afunfèrè ṣọ́ọ̀ṣì, kì í jẹ́ kó sọ pé òun ti fi orin dánra wò nígbà tí kò bá tíì ṣe é. Nítorí náà ó kọ òótọ́: "Ọ̀sẹ̀ kọkànlá. Mo fọ mọ́tò mọ́kànlélọ́gọ́ta. Bíréèkì: mo wò ó láti ẹnu ọ̀nà."

Nígbà tí ìdánwò oṣù kẹta ku ọ̀sẹ̀ kan, ó gbé ìwé náà lọ bá Stiegler. Tí ọkùnrin yìí bá kà á, kò ní fọwọ́ sí i, ọdún méjì á sì ṣòfò. Stiegler wà lórí fóònù, ó ń ra ilé onítáyà tó fẹ́ wọ́ lọ sí Ítálì fún ìsinmi. Ó ń ṣí ìwé, ó ń fọwọ́ sí i, ó ń lu òǹtẹ̀, ojú rẹ̀ kò kan ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ ò ní kà á ni?"

Ó fọwọ́ bo fóònù. "Kí ni kí n kà níbẹ̀? Ṣebí èmi ni mo kọ́ ẹ."

Lọ́jọ́ ìdánwò, Stiegler alára wà lára àwọn olùdánwò, ó wọ kóòtù. Wọn kì í jẹ́ kí ọ̀gá dán ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tirẹ̀ wò, nítorí náà tábìlì ọ̀tọ̀ ló wà, ó ń da ọmọkùnrin kan láàmú, ẹni tó wá láti ìsọ̀ bàbá kan tó ń jẹ́ Ruopp, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé màlúù lábúlé.

"Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́? Àbí màlúù ni?"

Ọmọ náà tẹra mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Bíréèkì tirẹ̀ ti parí kí àkókò tó pé.

Ní tábìlì kejì, olùdánwò kan, Ìyáàfin Dietz, ní kí Mirjam lé afẹ́fẹ́ jáde nínú páìpù bíréèkì. Mirjam ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é láìṣi ọ̀rọ̀ kan sọ. Ó wá mú sípánà, ọwọ́ rẹ̀ kò sì mọ ibi tó ń lọ. Epo bíréèkì dà sílẹ̀, ó wọ inú bàtà rẹ̀. Ìyáàfin Dietz ṣí ìwé ọ̀sẹ̀ rẹ̀, ó kà á, ó tún ṣí ojú ìwé mìíràn. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè.

"Stiegler, jọ̀ọ́, wá bá wa ka ibí yìí."

Ó dé tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó sì fi ohùn ńlá bẹ̀rẹ̀: "Ọ̀sẹ̀ kọkànlá. Mo fọ mọ́tò mọ́kànlélọ́gọ́ta. Bíréèkì: mo wò ó láti..." Ohùn náà lọ sílẹ̀ bí àtùpà tí epo tán nínú rẹ̀.

Ìyáàfin Dietz béèrè ẹni tó fọwọ́ sí i lábẹ́. Stiegler ní ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò lè máa ka gbogbo ohun tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀.

"Ó dáa. Màlúù ti kọ́ ọmọ tirẹ̀ yanjú," ni obìnrin náà wí. "Ìwọ ńkọ́?"

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn fún Stiegler ká ní wọ́n rẹ́rìn-ín.

Mirjam kò rí ayọ̀ kankan níbẹ̀. Òdo ni wọ́n fún un lórí bíréèkì, wọ́n ní kó padà wá nígbà ìwọ́wé, ó sì fi ìbọ̀sẹ̀ tútù wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé. Ṣùgbọ́n Ìyáàfin Dietz kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú. Kí oṣù tó parí, àwọn alábòójútó ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti gba Mirjam kúrò lọ́wọ́ Stiegler, wọ́n fi í sọ́dọ̀ Ruopp. Àwòrán rẹ̀ nìkan ló kù sọ́dọ̀ Stiegler, àwòrán náà ṣì ń rẹ́rìn-ín lára gíláàsì.

Ìsọ̀ Ruopp ń rùn fún koríko gbígbẹ àti epo. Kí ìkíni tó parí, bàbá náà ti fi sípánà lé e lọ́wọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, Mirjam kọ ọ́ sínú ìwé pé òun lé afẹ́fẹ́ jáde nínú bíréèkì mọ́tò mẹ́ta. Ruopp wá awò ojú rẹ̀, ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ka ẹ̀kọ́ òwúrọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì dá ìwé padà láìfọwọ́ sí i.

"Méjì ni. Èmi ni mo parí ẹ̀kẹta. Tún un kọ."

Mirjam jókòó sórí táyà kan, ó tún un kọ. Nígbà tó padà síbi ìdánwò nígbà ìwọ́wé, ẹ̀kán epo kan kò kan ilẹ̀.