Ta Ló Fláàṣì Mi?

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi ń dán ẹ̀rọ náà wò, ìbéèrè kan ṣoṣo ni Fadilah ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ará Àárín-Odò, ó sì ti sú u dé ọ̀fun: "Ta ló fláàṣì mi?" Ó ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro ó. Wọ́n á mi orí, wọ́n á ní àwọn ti gbọ́, ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á tún béèrè.

Erékùṣù kékeré ni Àárín-Odò, ó wà láàárín apá méjì odò Ògùn, lẹ́yìn Ìbafò. Ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀, wọ́n sì ń pẹja. Láyé àtijọ́, wọ́n mọ oṣù tí omi máa ń kún, wọ́n á ti kó ẹrù sórí àjà kó tó dé. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ọdún 2008 tí à ń sọ yìí, ojú ọjọ́ ti dàrú. Òjò tó yẹ kó rọ̀ lóṣù Òkúdù á fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀fọ́ gbígbẹ, á wá dé lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni ò retí rẹ̀, omi á sì gun erékùṣù kí èèyàn tó wá bàtà. Lọ́dún tó ṣáájú, orí àga ni wọ́n ti gbé Ìyá Hàfísátù, ìyá tó bí ìyá Fadilah, jáde nínú ilé. Omi ti mù ún dé àyà. Orúnkún ìyá náà kò sì jẹ́ kó lè sáré. Láti ọjọ́ yẹn, bí òjò bá ti ṣú, ọkàn Fadilah kì í balẹ̀ mọ́.

Fóònù ni Fadilah ń tún ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìbafò. Òun àti Mùízz, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa iná mànàmáná ní Pólì, ni wọ́n jọ ronú kan ẹ̀rọ náà. Wọ́n ri òpó kan mọ́lẹ̀ ní ìkangun erékùṣù, níbi tí omi ti kọ́kọ́ ń wọlé. Wọ́n fi ọ̀rá di fóònù àlòkù kan, wọ́n so ó mọ́ orí òpó, wọ́n sì fi wáyà so kẹ́ẹ̀gì òfìfo mọ́ ọn nísàlẹ̀. Bí omi bá ti gbé kẹ́ẹ̀gì sókè, fóònù á máa fláàṣì àwọn ará erékùṣù lọ́kọ̀ọ̀kan, á dún lẹ́ẹ̀kan, á gé. Ẹni tó bá ti rí fláàṣì, kó gba èbúté lọ, kí Bàbá Ògúnbọ̀dé fi ọkọ̀ ojú omi gbé e sọdá. Kí ló tún le níbẹ̀?

Ó le o. Ní Àárín-Odò, ẹni tó bá fláàṣì rẹ ń wá ọ ni, bóyá kò ní kírẹ́díìtì lórí fóònù. Bí o kò bá pè é padà, ahun ni ọ́, o ò sì lójú àánú. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dán ẹ̀rọ wò, gbogbo ìlú ló pe òpó padà. Ìpè tó ń wọlé kò jẹ́ kí òpó ráyè pe ẹlòmíràn. Bàbá kan tiẹ̀ sọ pé ẹni tó fláàṣì òun gbéraga púpọ̀, pé òun pè é títí, kò gbé e.

Fadilah ṣàlàyé ní mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó ṣàlàyé ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Pàbó ló já sí. Mùízz wá ti fóònù náà pa sí ìpè tó bá ń wọlé, tó fi jẹ́ pé yóò lè pe èèyàn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa lè pè é.

"Ó ti parí," ni Mùízz wí. "Kí wọ́n máa pè é lọ."

Fadilah gbà á gbọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí òjò ti ń rọ̀ láti òwúrọ̀, nọ́ńbà òpó yọ lójú fóònù Fadilah. Ó sáré jáde ní ṣọ́ọ̀bù, òun àti Mùízz gun ọ̀kadà dé etí odò. Bàbá Ògúnbọ̀dé ti tú ọkọ̀ sílẹ̀. Wọ́n sọdá sí èbúté Àárín-Odò.

Kò sí ẹyọ ẹnìkan níbẹ̀.

Fadilah pe ìyá rẹ̀ àgbà. "Màmá, ẹ dà? Omi ti ń gorí ilẹ̀! A ti wà ní èbúté!"

"Fadilah, má dá mi dúró," ni Ìyá Hàfísátù wí, ó ń mí hẹlẹ. "Ẹnì kan fláàṣì mi. Mo pè é padà, kò wọlé. Mo tún pè é, obìnrin kan ló ń sọ òyìnbó. Nǹkan ti ṣe onítọ̀hún."

"Màmá, òpó ni!"

"A mọ̀ pé ìdí òpó ló wà. Ibẹ̀ ni gbogbo wa ń lọ. Láwàl apẹja ti mú okùn dání."

Fadilah ká ọwọ́ lérí. Gbogbo ìlú ń lọ pàdé omi! Mùízz la ẹnu láti sọ̀rọ̀ nípa ìpè tó tì pa.

"Mùízz, jọ̀ọ́, dákẹ́!"

"Ẹ wo kùkùté yẹn," ni Bàbá Ògúnbọ̀dé wí. "Bí omi bá bò ó mọ́lẹ̀, ọkọ̀ mi ò ní lè dúró níbí mọ́."

Omi ti ń bo ọ̀nà tó lọ sídìí òpó; kí ẹsẹ̀ tó gba ibẹ̀ bá wọn, kùkùté á ti rì. Fadilah tún pè. Ó fi sùúrù ṣàlàyé: kò sẹ́nì kankan nínú omi, ẹ̀rọ lásán ni, kí wọ́n padà.

"Bó bá jẹ́ ìwọ lo wà níbẹ̀ ńkọ́?" ni ìyá náà bi í. "Ká fi ọ́ sílẹ̀, ká máa sá lọ?" Ó pa fóònù.

Inú bí Fadilah débi pé omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn èèyàn wo rèé? Àánú wọn ló máa pa wọ́n! Ó tún pè. Ó fẹ́ ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n igbe ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Màmá, èmi ni! Èmi ni mo fláàṣì yín! Mo ti ṣubú sómi ní èbúté, ẹ gbà mí o!"

Ó gé ìpè náà. Bàbá Ògúnbọ̀dé ń wò ó. "Irọ́ yẹn pọ̀, ọmọ yìí."

"Ẹ ṣáà di ọkọ̀ yín mú, bàbá."

Ariwo wọn ló kọ́kọ́ dé. Ìyá Hàfísátù ló ṣíwájú, ó ká ìró sókè, ó ń fi orúnkún tí kò gbọ́ tirẹ̀ yẹn sáré. Láwàl tẹ̀ lé e pẹ̀lú okùn, tọkùnrin tobìnrin, tọmọdé tàgbà, wọ́n ń wọ́ tẹ̀ lé e. Bàbá Ògúnbọ̀dé ń gbé wọn sọdá, ó ń padà wá gbé àwọn tó kù. Nígbà tí ọkọ̀ tó kẹ́yìn kúrò, a ò rí kùkùté mọ́.

Ní etí odò lápá Ìbafò, Ìyá Hàfísátù ń fọwọ́ pa ọmọ-ọmọ rẹ̀ lára, láti orí dé ẹsẹ̀. Fadilah kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú. Mi ò ṣubú sómi. Irọ́ ni mo pa fún yín."

Ìyá náà pòṣé. "Ṣé mi ò lójú ni? Bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ ti máa sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Ẹ ń yọ wá lẹ́nu pé ká sá, ká sá. Ta ló ń pe èèyàn pé kó máa sá lọ?"